Ọbẹ̀ Ìlasa Ìyá Luqman

Ẹ má bá Ìyá Luqman jiyàn nípa ilá. Wọ́n lè gbà fún yín pé wọn ò mọ fóònù lò. Wọ́n lè gbà pé wọn ò mọ ọ̀nà Dùgbẹ̀, pé bí takisí bá já wọn sílẹ̀ ní Challenge, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa bẹ ará ọ̀nà kí wọ́n tó délé. Ṣùgbọ́n tilá? Ilá ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Ilá ni wọ́n fi rán Luqman níwèé títí ó fi jáde yunifásítì. Ní Ìgbòho tí wọ́n ti wá, bí ewé ilá ẹlòmíràn bá ń pọ́n láìtọ́jọ́, àwọn ni wọ́n ń sáré lọ pè. Wọ́n á dúró ti ebè, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra ewé náà, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ náà ló máa ń rí.

Zùwáírátù ni orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó lẹ́nu láti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kì í ṣe ìyàwó àgbẹ̀ lásán. Ìgbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n fi oko lé Hàrúnà, àbúrò wọn ọkùnrin, lọ́wọ́, tí wọ́n wá jókòó sílé. Ìjókòó yẹn ni kò bá wọn lára mu.

Nígbà tí Safiyyah, ìyàwó Luqman, bímọ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí tọkọtaya náà ti ń wojú Ọlọ́run, wọ́n sọ ọmọbìnrin náà ní Mujeebat. Luqman tẹ ìyá rẹ̀ láago pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Bódìjà, kí wọ́n wá bá àwọn wẹ ọmọ. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá ti ń wá ìborùn. Gbogbo àdúgbò ní ayọ̀ ọmọ-ọmọ ló ń gùn wọ́n. Ayọ̀ ọmọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ta ló máa ní kò sí? Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí Ìyá ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan: ilé Ìgbòho ti sú wọn. Láti ọjọ́ tí Bàbá Luqman ti kú, àwọn àti ewúrẹ́ ló kù nínú ilé náà. Bí wọ́n bá kírun alẹ́ tán, kò sí ẹni tí wọ́n máa kí pé ó dàárọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á sebẹ̀ tán, wọ́n á jókòó ti ìkòkò, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun, wọ́n á sì dà á fún ewúrẹ́.

Ṣé èyí ṣeé sọ fọ́mọ? Abiyamọ wo ló máa kojú sí ọmọ tí òun bí kó ní, "Jọ̀ọ́, má dá mi padà sílé mi"? Ojú ń tì wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi iṣẹ́ dá ara wọn dúró. Wọ́n ní bí àwọn bá wúlò gidi nínú ilé yìí, kò sí ẹni tó máa rántí béèrè ìgbà tí àwọn ń lọ.

Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fọ aṣọ ọmọ, wọ́n á sá a, wọ́n á gbé omi kaná, ó di kí wọ́n wẹ ọmọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n á fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òrí wọ́ ọ lára, wọ́n á fa apá, wọ́n á fa ẹsẹ̀, wọ́n á mú un ní apá kan jù ú sókè díẹ̀, ọmọ á ké, wọ́n á sì máa kọrin bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Safiyyah, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. "Màmá, ẹ rọra o! Ọrùn ọmọ! Ẹ jọ̀ọ́, ọrùn ọmọ!" Ìyá wò ó, wọ́n ní, "Ọrùn ọkọ rẹ tí mo fà nígbà náà, ṣé ó já ni?" Nígbà tó yá, Safiyyah kì í tilẹ̀ yọjú mọ́. Bí omi ìwẹ̀ bá ti ń ta sílẹ̀, òun ti ń hanrun.

Níwájú ilé náà, láàárín fàráńdà àti ọgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí Safiyyah gbin nǹkan sí. Kò ju ìlà kan lọ. Igi nǹkan náà nàró gbọọrọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nírun wínníwínní lára, ó ya bí ẹni na ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyá dé, ó ti ga tó Luqman, ó sì ń rudi láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ìyá fi ọwọ́ kan ewé náà, inú wọn dùn. Ilá! Ní Bódìjà! Wọ́n ṣàkíyèsí pé ewé rẹ̀ rí roboto ju tilá ilé lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò rú wọn lójú. Ṣebí gbogbo nǹkan ló ti di àgíríìkì, adìyẹ àgíríìkì, àgbàdo àgíríìkì. Ilá àgíríìkì nìyí, ó tán. Wọ́n yíjú sí Luqman tó jókòó sí fàráńdà. "Luqman, ilá yín yìí ò tíì so ni?"

Luqman ń tẹ fóònù. "Hùn-ún," ló wí.

Bí Luqman ṣe máa ń dá èèyàn lóhùn nìyẹn láti kékeré. Bí ẹ bá ní ilé ń jó, "Hùn-ún" náà ni. Ká ní ó gbójú sókè lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ohun tó wà nídìí nǹkan náà ni pé òdòdó ni. Họ́líhọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é nílùú òyìnbó. Gbémisọ́lá, ọ̀rẹ́ Safiyyah tí wọ́n jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì kó tó kó lọ sí London, ló fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí Safiyyah ń dààmú àtibímọ. Ó ní iwájú gbogbo ilé tó wà ládùúgbò òun ni òdòdó náà ń tò sí, pé ó ń ga ju èèyàn lọ, pé kí Safiyyah fi mú ọkàn kúrò nínú ìrònú. Safiyyah gbin àkọ́kọ́, òjò Bódìjà rà á mọ́lẹ̀. Gbémisọ́lá ní òtútù ló fẹ́ràn, ni Safiyyah bá kó ìyókù sínú fíríìjì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ó jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ dé kí ó tó gbìn ín. Èyí hù. Ṣùgbọ́n odindi ọdún kan, ewé nìkan ni. Àwọn ará ilé kejì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Nọ́ọ̀sì gbin ilá àgàn. Yẹ̀yẹ́ náà dùn ún wọnú egungun, nítorí pé ẹni tó ń wá ọmọ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó rẹ́rìn-ín. Ó ń bomi rin ín. Nígbà tí oyún wá dúró, tí òdòdó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàró lọ́dún kejì, ó ní bí ó bá tanná báyìí, òun máa gbé ọmọ òun dúró níwájú rẹ̀, òun máa ya fọ́tò, òun á sì fi í ránṣẹ́ sí Gbémisọ́lá. Ọjọ́ ìtanná náà ló ń dúró dè nínú yàrá, tóun tọmọ.

Ìyá ò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìyàwó wọn ò jẹun dáadáa. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà dé, yóò tọ́ ọ wò, yóò ní ó tó. Báwo ni ọmú ṣe fẹ́ sẹ̀? Ìyá rò ó títí, wọ́n ní ohun tó máa ṣí i lọ́fun ni ìlasa, ọbẹ̀ ewé ilá tútù, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Ìgbòho fún ìyá ọlọ́mọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlámísì, nígbà tí Safiyyah àti ọmọ ń sùn, wọ́n gbé igbá jáde.

Orí ilá náà ga jù wọ́n lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ilá kì í ga ju akórè lọ," ni wọ́n wí fún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, wọ́n já ọ̀mùnú rẹ̀ tòun tìrudi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni adùn ìlasa wà. Wọ́n ṣe èyí tó kàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe gbogbo ìlà náà tán, igbá kún.

Ẹ ò rí ọbẹ̀! Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi káún díẹ̀ sí i, wọ́n da irú sí i, ata, ẹja gbígbẹ tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ó yọ̀, ó fà. Nígbà tí òórùn irú wọ yàrá, Safiyyah fúnra rẹ̀ ló jáde wá. Ó bu òkèlè kan. Ó bu òmíràn. Ó jẹ ẹ̀bà náà tán, ó fi ìka lá abọ́, ó ní, "Màmá, ṣé ó ṣì kù?"

Inú Ìyá dùn débi pé wọn ò lè jẹ tiwọn. Wọ́n bu èyí tó kù nínú ìkòkò fún un. Wọ́n jókòó wò ó bó ṣe ń jẹun, wọ́n sì ń sọ nínú ọkàn pé ó parí, mo ti fìdí jókòó sílé yìí.

Ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Safiyyah ní kí òun náà jáde gba afẹ́fẹ́, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ dé fàráńdà.

Igbe tó ké, Luqman fi aṣọ ìnura nìkan sáré jáde láti balùwẹ̀. Igi òdòdó náà dúró ní ìlà, gbogbo wọn láìlórí, kùkùté aláwọ̀ ewé.

"Ta ló ṣe èyí? Luqman, ta ló wọlé wa?"

Ìyá ti ibi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ dáhùn, ojú wọn sì ń dán. "Èmi ni, ìyàwó mi. Má mikàn, yóò tún rú. Òun ni ìlasa tó o jẹ lálẹ́ àná."

Safiyyah wo Ìyá. Ó wo òdòdó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo jẹ ẹ́? Èmi ni mo jẹ òdòdó mi? Mo tún ní kí ẹ bù sí i?"

"Òdòdó?" ni Ìyá wí.

"Súbúhánálláhì! Ọdún méjì, Màmá! Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú rẹ̀, ọ̀la ọ̀túnla ló máa tanná!" Ó ti ń sunkún. Luqman, ọlọ́gbọ́n ayé, wá làjà. Ó ní, "Ṣebí òdòdó náà ni. A lè ra òmíràn létí títì." Ẹ tiẹ̀ gbọ́ nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló da epo síná. Safiyyah kọjú sí i, ó ní ṣé kò sọ fún Màmá ni, Luqman sì ń wo ilẹ̀. Inú wá bí i tán pátápátá, ó yí padà, ó kó ìyókù ìbínú rẹ̀ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lórí: "Ṣé gbogbo ohun tó bá ti hù lẹ máa ń jẹ ni? Ká ní ẹ dúró sí Ìgbòho yín, ṣé nǹkan mi ì bá bàjẹ́?"

Ẹyin lohùn. Bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni òun náà ti mọ̀. Ó gbé ọmọ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá dúró sójú kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbá ilẹ̀ náà tán, nítorí pé wọn kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ láàbọ̀.

Kì í ṣe òdòdó nìkan ló ń dun Ìyá, ẹ má jẹ́ á tan ara wa. Ìtìjú ilá wà níbẹ̀. Àwọn tí gbogbo Ìgbòho ń pè wá wo ewé, àwọn ni wọ́n ra ewé lọ́wọ́ tí wọn ò dá a mọ̀! Ṣùgbọ́n èyí tó dùn wọ́n jù ni gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹnu Safiyyah ni wọ́n ti wá gbọ́ Ìgbòho tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọ́n di ẹrù. Ẹrù náà ò pọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n lọ bá Luqman nídìí mọ́tò rẹ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà Mọ́níyà, wọn kì í sinmi Sátidé. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ wo oko mi. Já mi sí Ojoo." Bí ó bá jẹ́ ọmọ mìíràn ni, yóò béèrè pé oko wo, yóò wo ojú ìyá rẹ̀. Luqman ní kò burú. Ó gbé ẹrù sí bùútù, ó já wọn sí gáréèjì Ojoo, ó ní kí wọ́n kí Bàbá Hàrúnà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tó wákàtí kan kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìyàwó rẹ̀ láago pé, "Màmá ní àwọn fẹ́ lọ wo oko o."

Lákòókò yẹn, Safiyyah ń bá ọmọ jìjàkadì nílé. Ó ti jí, ó ti wá Ìyá káàkiri ilé, ó ṣe bí wọ́n lọ ra nǹkan ni. Ó wá gbé omi kaná pé kí òun wẹ ọmọ fúnra òun. Nọ́ọ̀sì tó ti wẹ ọmọ ọlọ́mọ láìlóǹkà! Mujeebat ò gbà. Ó fẹ́ orin, ó fẹ́ itan tó gbòòrò, ó fẹ́ ọwọ́ tó le, ìwẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ orí bẹ́sìnì ò yé e. Ó ké títí ohùn fi há. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Safiyyah gbọ́ ọ̀rọ̀ Luqman, ó sọ fóònù sílẹ̀, ó nu ọṣẹ lára ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó bọ́ sí títì láìwé gèlè, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní Ojoo.

Mọ́tò Ìgbòho ò tíì kún. Ìyá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, létí fèrèsé, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Igbe ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n mọ igbe náà láàárín gbogbo ariwo gáréèjì.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Oko mi ni mo fẹ́ lọ wò."

"Oko tẹ́ ẹ ti fi fún Bàbá Hàrúnà?"

Safiyyah kúnlẹ̀ sínú eruku gáréèjì, tòun tọmọ lẹ́yìn, àwọn tó ń ta búrẹ́dì dúró wòran. "Màmá, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Inú ló bí mi. Ẹ foríjì mí."

"Dìde ńlẹ̀, erùpẹ̀ wà níbẹ̀," ni Ìyá wí. "O ò purọ́ kankan. Ká ní mo wà ní Ìgbòho, nǹkan rẹ ò ní bàjẹ́." Wọ́n fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n pa ẹnu dé, ẹnu ò dé. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wà ní Ìgbòho. Kò séèyàn níbẹ̀, Safiyyah. Ewúrẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí mo bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ò ní lé mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe já òdòdó rẹ."

Omijé wá sí wọn lójú níwájú àwọn èrò ọkọ̀, wọn ò sì bò ó. Gbogbo ìgbà tí Ìyá ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń gbọnmi, Safiyyah ti rò pé ara wọn ló yá ni. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹ̀rù ló ń ba àgbàlagbà yìí nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó ti orí bọ fèrèsé mọ́tò.

"Irúgbìn rẹ̀ ṣì kù nínú fíríìjì," ló wí. "Màá padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́. Luqman ò lè bomi rin nǹkan, ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ yín. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbìn ín, ẹ̀yin lẹ máa bá mi tọ́jú ẹ̀."

Ìyá fi ìborùn nu imú. "Ìgbà wo ló máa tanná?"

"Kì í tanná lọ́dún tí wọ́n bá gbìn ín. Ó di ọdún kejì."

"Ọdún kejì?"

"Ọdún kejì, Màmá. Ìyẹn bí ẹ ò bá tún sè é."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ìyá pẹ̀lú omijé lójú, gbogbo ara wọn ń mì. Safiyyah náà bú sẹ́rìn-ín, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ lójijì, ó ń wò wọ́n. Awakọ̀ yọjú láti iwájú, ó ní èrò kan péré ló kù kí ọkọ̀ kún, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbéra. Ìyá ti ń sún dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn ti nà sí ọmọ. Wọ́n ní kí awakọ̀ jọ̀wọ́ bá àwọn já ẹrù àwọn sílẹ̀, kí ó wá èrò méjì, àwọn ò lọ mọ́.